Cercestis mirabilis: ewé tuntun ń há, funfun ara rẹ̀ ń lọ, okùn kan sì ń sá jáde nínú ìkòkò

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onífúláwà. Cercestis mirabilis mi, ìtàkùn eléwé onífunfun tí mò ń gbìn sínú ilé, ni mo gbé wá síwájú yín. Ewé mẹ́rin ló ní nígbà tó dé ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nǹkan mẹ́ta ló sì ń ṣe é báyìí.

Ọ̀mùnú rẹ̀ kì í ṣí dáadáa. Á yọ dé ìdajì, orí rẹ̀ á há sínú awọ tó wé e, nígbà tó bá fi máa já ara rẹ̀ gbà, á ti ya, etí rẹ̀ á sì ti gbẹ bíi páálí. Ewé méjì tó yọ kẹ́yìn tún ṣú. Iṣẹ́ ọnà funfun tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun fín in lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nídìí rẹ̀ tí kò ní ewé kankan. Ó ti gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ó ti kọjá etí tábìlì, ó ń wá ilẹ̀ lọ. Ewé ìsàlẹ̀ méjì náà ti di pupa rúsúrúsú.

Inú pálọ̀ ló wà, bíi mítà 2 sí fèrèsé. Éèsì máa ń ṣiṣẹ́ láti aago 8 alẹ́ di ìdájí. Ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ màálù tí àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa ń pò ni mo fi gbìn ín, nínú ìkòkò oníke tó fẹ̀ ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Ife omi kan láràárọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Báyọ̀_Fúláwà

Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Ewé onífunfun tí kò bá rí oòrùn á sọ funfun nù, kó lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹ gbé e síta, kí oòrùn aago 8 sí 11 máa bà á. Ẹ sì gé okùn yẹn dànù, oúnjẹ igi ló ń jẹ.

Ìtàkùn_Àgbà

Ẹ má tíì gbé e sínú oòrùn o. Báyọ̀, òfin Monstera onífunfun, ìtàkùn inú ilé mìíràn, lo fi ń dájọ́ eléyìí, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wọn. Funfun ara Monstera yẹn, àyípadà ló bá igi kan, wọ́n wá ń gé e gbìn káàkiri. Ó lè pa dà di àwọ̀ ewé nígbàkigbà. Ti Cercestis, àbímọ́ ni. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń bí i mọ́ra, nígbà tí ewé wọn ṣì kéré, tí wọ́n ń rá pálá nísàlẹ̀ igbó. Bó bá ti rí igi gùn, ewé á máa tóbi, funfun á máa lọ. Bó bá wá dàgbà tán, ewé á lu ihò, á sì ya. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó mọ ohun tó gbé funfun lọ, ẹ fi rúlà wọn ewé. Bí ewé tó ṣú yẹn bá tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àgbà ló ń dé. Bó bá kéré sí i, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Èwo ni tiyín?

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ó kéré sí i, sà. Ewé tó bá a dé gùn tó 14 sẹ̀ǹtímítà. Ti ìsinsìnyí kò ju 9 lọ. Kò sì gun nǹkan kan.

Ìtàkùn_Àgbà

Ìyà ni nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ sì wà lára rẹ̀, Báyọ̀ gba máàkì kan. Mítà 2 sí fèrèsé ti ṣókùnkùn jù. Ṣùgbọ́n oòrùn gangan kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ibi funfun ara ewé yẹn kì í fara da oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Ọjọ́ kan sí méjì, á ti jó di awọ gbígbẹ, kò sì ní san mọ́.

Ẹ ṣe báyìí: ní aago 12 ọ̀sán, ẹ tẹ́ páálí funfun síbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ bá mú ṣáká tí ẹ lè ka ìka, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá rí òjìji rárá, ó kéré. Ibi tí ẹ ti rí òjìji, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ rọ̀ tí kò mú, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Nínú ilé tó ní kọ́tìnì fẹ́lẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà sí mítà kan sí fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Kẹ́ ẹ má gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sún un díẹ̀díẹ̀.

Èédú_àti_Yanrìn

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí dáa, ṣùgbọ́n ewé ìsàlẹ̀ tó di pupa rúsúrúsú ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí. Gbòǹgbò ló ń ké.

Igi elewé mẹ́rin nínú ìkòkò 25 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀dú tó dì, ife omi kan láràárọ̀, éèsì tún ń fẹ́ sí i lóru: omi tó wà níkangun ìkòkò yẹn kò rí gbòǹgbò tó máa mu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò rí oòrùn tó máa fà á. Á kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìtàkùn yìí, ewé jíjẹrà àti èèpo igi ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rìn nínú wọn ní igbó, kì í ṣe ilẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ tú u lónìí, ẹ má dúró dé ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ dá ìkòkò dùbúlẹ̀, ẹ fún ara rẹ̀ yíká, ẹ fà á jáde jẹ́ẹ́, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ilẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò tó dáa, funfun tàbí àwọ̀ ògì ni, ó sì le. Èyí tó ti rà pọ́n bíi tíì. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á ku òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín. Á tún máa rùn bíi fùfú. Ẹ fi sípíríìtì nu sísọ́ọ̀sì, ẹ gé gbogbo èyí tó rà títí dé ibi tó mọ́, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun èédú sójú ọgbẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sí òjìji fún wákàtí 2.

Ohun tí ẹ máa tún un gbìn sí, mo ń fi agolo mílíkì wọ̀n ọ́n:

Agolo 4 èèpo àgbọn (irun ara rẹ̀ àti ẹran rẹ̀, tí ẹ gé sí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò). Agolo 2 èédú tí ẹ fọ́ dé ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo, tí ẹ sì ti fi omi ṣan eérú kúrò lára rẹ̀. Agolo 2 òkúta wẹ́wẹ́ tàbí perlite (òkúta funfun tó fúyẹ́, tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ilẹ̀ ṣí). Agolo 2 ewé jíjẹrà tí ẹ ti sẹ́.

Ẹ má yára pẹ̀lú èèpo àgbọn o. Ọjọ́ 3 ni kó fi wà nínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ títí tí kò fi ní pọ́n mọ́. Iyọ̀ wà lára èyí tó ti etí òkun wá, iyọ̀ yẹn á sì jó etí ewé bí ọyẹ́ ṣe ń jó o.

Ìkòkò: kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré fẹ̀ ju gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù. Tiyín lè má kọjá 10 sí 12. Ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó pọ̀.

Màmá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú àlàyé, Èédú. Ọ̀rọ̀ kan ni mi ò fara mọ́. Èròjà tó ṣí tó báyẹn, bí ọyẹ́ bá wọlé, á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, ẹni tó bá lọ ibi iṣẹ́ á wá bá ìtàkùn tó ti rọ. Fún Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹ sọ òkúta di agolo 1, kí ẹ fi agolo 1 irun àgbọn tó kúnná rọ́pò rẹ̀. Irun yẹn ló máa di omi mú.

Àwọn kan tún máa ń fi èésan rọ́pò òkúta. Ó dáa bó bá ti pẹ́ níta. Tó bá jẹ́ tuntun láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀kùrọ́, epo ṣì wà lára rẹ̀: èèrà á kọ́lé síbẹ̀, olu funfun á bò ó.

Ọmọ_Kútọnu

Ti Màmá Ìbejì tọ̀nà fún òkè, kò tọ̀nà fún wa létí ọ̀sà. Ní Kútọnu, Badagry àti Èkó, afẹ́fẹ́ ti rin tẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n tí Èédú kọ́kọ́ sọ ni kí ẹ lò níbẹ̀. Irun kíkúnná á kàn mú un rà ni nígbà òjò.

Bí ẹ bá ń bomi rin ín, ẹ má fi kàlẹ́ńdà ṣe é. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ dé oríkèé kejì. Bó bá ti gbẹ dé ibẹ̀, ẹ da omi sí i títí tó fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, ọwọ́ yín á ti mọ bí ìkòkò ṣe máa ń fúyẹ́ tó nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹ kò ní nílò ìka mọ́.

Omi òjò ló dáa jù. Èyí tó ń ti orí páànù ṣàn, ẹ jẹ́ kí òjò fọ páànù fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbe korobá sí i. Bọ́ọ̀hò àwọn ibi kan létí òkun ní iyọ̀, òmíràn ní ìpáta. Bí ìdí kẹ́tùlù yín bá ń fi èèpo funfun hàn, ẹ má fi omi yẹn sí i.

Ṣadé_Pẹ́kàmù

Kí n dá sí ọ̀rọ̀ omi náà. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun. Bí ẹ bá ń fọ́n ọn sí ewé, á fi àpá funfun sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ara ewé yìí kò ní mọ èwo ni tirẹ̀, èwo ni ti omi. Omi òjò nínú àgbá ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e wọlé kó lọ́ kí ẹ tó bu ún sí ìkòkò.

Ìṣòro wa níbí kì í ṣe ọyẹ́, òtútù ni, pẹ̀lú hítà. Bí ìdí ìkòkò bá ti rẹlẹ̀ sí 18 Celsius, kò ní dàgbà mọ́. Bó bá pẹ́ nísàlẹ̀ 15, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rà bí omi tilẹ̀ kéré. Láti October dé March, ẹ gbé e kúrò lórí pákó fèrèsé lóru, ẹ má sì gbé e sókè rédíétọ̀. Mátì oníná kékeré nísàlẹ̀ ìkòkò, kó wà ní 22 sí 24. Iná LED funfun, 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà sókè rẹ̀, wákàtí 12 lójúmọ́. Oòrùn ìgbà òtútù níbí kò tó nǹkan kan.

Màmá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí ọ̀mùnú tó ń há, torí kò sẹ́ni tó tíì dá Àdùkẹ́ lóhùn lórí ìyẹn.

Ewé tuntun Cercestis, inú awọ fẹ́lẹ́ kan ló máa ń wà kó tó yọ. Awọ yẹn gbọ́dọ̀ rin, kó sì máa yọ̀, kí ewé lè yọ́ jáde nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, awọ á le, á di orí ewé mú, ìsàlẹ̀ ewé á sì máa dàgbà lọ. Ibi tí wọ́n ti ń jà yẹn ló ti ń ya. Ó fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní ìdá 60 sí 80 nínú 100. Éèsì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ jáde, ẹ wo bí omi ṣe ń kán níta lára páìpù rẹ̀. Inú pálọ̀ yín ló ti wá. Bí ọyẹ́ bá tún dé, ọ̀rinrin ọ̀sán lè já sí ìdá 30, ó tún lè rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó há báyìí: ẹ má fa ewé. Ẹ rẹ òwú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi wé awọ náà fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi èékánná tú etí awọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, awọ nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí kò bá tú, ẹ tún òwú wé, ẹ pa dà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ewé tuntun yẹn rọ̀ bíi bébà tó rin, àpá èékánná tí ẹ bá fi síbẹ̀ á bá a dàgbà.

Báyọ̀_Fúláwà

Ṣé kí ó kàn máa fọ́n omi sí i lára ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kọ́? Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń tà á ń wí.

Màmá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Báyọ̀ ọmọ mi, omi fífọ́n kì í pẹ́ tó ìdajì wákàtí kó tó gbẹ. Èyí tó bá dúró sínú ọ̀mùnú tó ká jọ ló ń fa ojú dúdú tí wọ́n máa ń pè ní àrùn lẹ́yìn náà. Àwo òkúta olómi tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ìkòkò náà, ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni.

Ẹ̀rọ tó ń tú omi bíi kùrukùru dáa fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Fún àwa yòókù, àpótí oníke tó mọ́ gbangba tó sì ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó aṣọ ọmọ pamọ́, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ da irun àgbọn tó rin sísàlẹ̀ rẹ̀ dé ìwọ̀n ìka 3, ẹ gbé ìkòkò lé orí ìdérí ọtí méjì kó má wọnú omi, ẹ dé e. Ẹ máa ṣí i fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ kan àpótí yìí rárá, torí á sè é bí ẹni se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn lára ògiri rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ti pọ̀ jù, ẹ ṣí igun kan.

Ìtàkùn_Àgbà

Ó ku okùn. Báyọ̀ ní kí wọ́n gé e dànù. Ẹ má dà á nù o, owó ni.

Ẹsẹ̀ tí ìtàkùn yìí fi ń rìn ni. Ní igbó, bí ibi tó wà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á na okùn tí kò léwé jáde, kó lè lọ jìnnà láìná owó ewé. Bí okùn náà bá kan ibi tó rin tàbí ìdí igi, á ta gbòǹgbò, ewé á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tọ́ okùn yín lọ, ẹ máa rí oríkèé níbi tí èèpo kékeré tó dà bí ìwọ̀ bò ó. Gbogbo oríkèé yẹn lè di igi tuntun, ewé tó sì máa hù níbẹ̀, ewé ọmọdé onífunfun ni.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ wá rọ́bà tákéàwéè tó fẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin sí i nísàlẹ̀, ẹ kó irun àgbọn tó rin tàbí mọ́ọ̀sì sí i. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ ká okùn lé e lórí, ẹ fi píìnì irun tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó kan irun àgbọn, ṣùgbọ́n ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ da náílọ́ọ̀nù bò ó. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni kó fi ta gbòǹgbò, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà òtútù. Ẹ má gé e kúrò lára ìyá títí gbòǹgbò á fi tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí ewé àkọ́kọ́ á sì ti ṣí.

Èédú_àti_Yanrìn

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Bí ìyá bá ní gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kí okùn wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá tú u tí ẹ sì rí i pé ìdajì gbòǹgbò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti rà, ẹ gé okùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Igi tí kò rí omi fà kò lè bọ́ okùn 70 sẹ̀ǹtímítà. Á máa mu nínú ewé ìyá títí àwọn méjèèjì á fi lọ. Ẹ gé e ní oríkèé méjì-méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú rọ́bà. Bí ìyá bá kú, ẹ ṣì ní ọmọ nílẹ̀.

Ìtàkùn_Àgbà

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà.

Ọmọ_Kútọnu

Kí Àǹtí Àdùkẹ́ tó ra òpó, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ló ń ra òpó onímọ́ọ̀sì nítorí pé gbogbo fídíò ló ní kí ìtàkùn gun nǹkan, lẹ́yìn ọdún kan wọ́n á máa sunkún pé funfun ti lọ. Òpó gan-an ló gbé e lọ!

Bó bá jẹ́ funfun lẹ fẹ́, ẹ má fún un lóhun tó máa gùn. Ẹ fi sínú ìkòkò tó fẹ̀ tí kò jìn, tàbí apẹ̀rẹ̀ ìsokọ́, kó máa rá, kí ẹ máa ti okùn rẹ̀ pa dà sórí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ewé ńlá oníhò lẹ fẹ́, ẹ fún un ní pákó tó ní èèpo tàbí òpó tí ẹ wé irun àgbọn mọ́, kó ga tó mítà kan ààbọ̀, kó máa rin nígbà gbogbo. Òpó gbígbẹ kò wúlò, gbòǹgbò kò ní wọ inú rẹ̀. Ewé àgbà tún gba ààyè: fún pálọ̀ kékeré, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹ kò lè rí méjèèjì lórí orí kan náà. Ẹ lè rí i nínú ìkòkò méjì.

Dókítà_Kòkòrò

Inú ilé tó gbẹ nígbà ọyẹ́ ni kòkòrò pupa tíntìntín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn ti máa ń wọlé. Ẹ gbọn ewé sórí bébà funfun. Bí eruku bá ń rìn, òun ni. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn ewé wò ní ẹ̀gbẹ́ iṣan, níbi tí kòkòrò tó funfun bí òwú máa ń sá sí.

Ẹ fi omi fọ ewé tojú-tẹ̀yìn, kí ẹ wá po òróró dóńgóyárò mílílítà 5 àti ọṣẹ olómi tí kò le ṣíbí tíì 1 sínú lítà omi kan. Ẹ dán an wò lára ewé kan, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí kò bá jó o, ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ẹyin kì í kú ní ìgbà àkọ́kọ́. Dichlorvos tí wọ́n ń tà fún aáyán kì í ṣe ohun tí ẹ máa fọ́n sí pálọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí.

Báyọ̀_Fúláwà

Ọṣẹ dúdú náà ń ṣiṣẹ́, kò sì wọ́n.

Dókítà_Kòkòrò

Ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀fọ́ tí ẹ máa já jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Eérú ni wọ́n fi ṣe é, ó ta, á sì jó ewé bíi tiwọn yìí láti ibi funfun. Ẹ fi wẹ̀.

Màmá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ìgbẹ́ adìẹ, ẹ má dán an wò nínú ìkòkò kékeré, á jó gbòǹgbò. NPK 15-15-15 oníhóró tí àgbẹ̀ ń dà sóko náà kò yẹ. Ẹ ra èyí tó ń yòrò, irú 20-20-20, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ lò, lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, sórí ilẹ̀ tó ti rin tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbìn, kò gbọdọ̀ rí ajílẹ̀ títí ewé tuntun kan á fi ṣí.

Ẹbí kókò ni o. Omi ara rẹ̀ ń yún bí omi kókò tútù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń gé e, kí ọmọ àti ewúrẹ́ má sì rí i jẹ.

Ìtàkùn_Àgbà

Fún àwọn tó ń wá a rà: orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tà á, ẹ má fi owó mẹ́ta ra ohun kan. N. E. Brown ló kọ́kọ́ fún un ní orúkọ Rhektophyllum mirabile ní 1882. Ìtumọ̀ Rhektophyllum ni ewé tó ya. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni Josef Bogner kó o sínú ìdílé Cercestis. Nephthytis picturata tí àwọn kan ṣì ń kọ, òun náà ni.

Igbó kìjikìji Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù ni ilé rẹ̀, síbẹ̀ Yúróòpù la ti ń rà á pa dà. Ìyẹn ò ní kí ẹ wọ igbó ọba lọ hú u o. Èyí tí wọ́n bá hú, gbòǹgbò rẹ̀ ti já, kòkòrò ti wà lára rẹ̀, ó sì sábà máa ń kú sí ilé. Oríkèé kan lọ́wọ́ ẹni tó ti gbìn ín sàn ju ìtàkùn ìgbẹ́ mítà mẹ́ta lọ.

Ṣadé_Pẹ́kàmù

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa: ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko gbọ́dọ̀ bá a wá láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ewéko wò, ilẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń gbà á ní pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á sì sun ún.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo tú u. Gbòǹgbò méjì péré ló le, ìyókù bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀ lóòótọ́. Mo ti gé okùn, oríkèé mẹ́fà ló ní, ó wá di ègé mẹ́ta. Méjì nínú oríkèé yẹn ní kókó kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́. Ojú wo ni kí n fi kan irun àgbọn?

Ìtàkùn_Àgbà

Àwọn kókó yẹn ni gbòǹgbò tó fẹ́ yọ, òun ni kó dojú kọ ilẹ̀. Ní òdìkejì rẹ̀, lábẹ́ èèpo tó dà bí ìwọ̀, ojú kan wà tó wú díẹ̀: ibẹ̀ ni ewé máa gbà jáde, kó máa wo òkè. Bí ẹ bá yí i dà, ojú yẹn á rà. Ẹ dé rọ́bà, ẹ má sì máa ṣí i wò lójoojúmọ́.

Èédú_àti_Yanrìn

Ìyá tó ní gbòǹgbò méjì: ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ méjì tó ti di pupa rúsúrúsú kúrò, ìkòkò 8 sẹ̀ǹtímítà, inú àpótí Màmá Ìbejì, jìnnà sí éèsì. Ẹ má fún un lómi mọ́ títí èròjà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Báyọ̀_Fúláwà

Ègé mẹ́ta kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́.